Mo Kọ́ Àwọn Ọmọ Ẹ̀jìgbò Ní Gémù, Ọkọ Mi Sì Padà Sí Àbíjàn

Ọkọ mi wà láyé, ara rẹ̀ sì le. Mo tètè sọ èyí nítorí pé àwọn tó bá rí mi tí mò ń dá jókòó níwájú ilé máa ń kí mi bí ẹni ń kí opó. Opó kọ́ ni mí. Àbíjàn ni ọkọ mi wà, àwọn tó ń ti ọ̀hún bọ̀ sì máa ń sọ fún mi pé ó ti sanra. Ní Ẹ̀jìgbò níbí, kì í ṣe nǹkan tuntun kí ọkọ wà ní Àbíjàn kí ìyàwó wà nílé. Bóyá ni agboolé kan wà tí kò ní irú mi. Ohun tó ya tèmi sọ́tọ̀ ni pé tèmi wá sílé, ó jókòó tì mí, èmi fúnra mi ni mo sì fi ọgbọ́n orí mi lé e padà. Bí mo ṣe máa ń rò ó nìyẹn láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ má tíì bú mi, ẹ má sì tíì bá mi kẹ́dùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó fún yín bó ṣe rí.

Nígbà tí mo fẹ́ Bàbá Múrí, sípéèpátì ọkọ̀ ló ń tà ní Àbíjàn. Iléyá sí Iléyá ni mò ń rí i. Á dé pẹ̀lú bùrẹ́dì gígùn àti aṣọ, á bá wa ṣe ọjọ́ díẹ̀, á tún bá mọ́tò lọ. Oyún Múrí àti ti àbúrò rẹ̀, èmi nìkan ni mo rù wọ́n. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ àwọn méjèèjì, àbúrò ọkọ mi ló dúró fún un. Mo ti gba kádàrá. Nígbà tó wá di nǹkan bí àárín àwọn ọdún náíńtì, owó àwọn ará ọ̀hún já wálẹ̀ lójijì, ọjà sì kú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Bàbá Múrí kó ohun tó kù ún kù délé: tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, àti ẹ̀rọ gémù kan pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ẹyọ kan. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ Àbíjàn ń jà du irú rẹ̀. Ó to bẹ́ńṣì sí yàrá iwájú, ó di ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tó ṣí i ló sọ fún mi pé, "Ìyá Múrí, bí iṣẹ́ yìí bá dúró, mo dúró nìyẹn. Bí kò bá dúró, mọ́tò Àbíjàn ò yéé lọ." Báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò tú u. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí kí obìnrin máa gbálẹ̀ yí báàgì ọkọ rẹ̀ ká láràárọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n júwe gémù náà fún ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ojú tẹlifíṣọ̀n á ṣókùnkùn, ìràwọ̀ á máa sáré kọjá, ọkọ̀ òfuurufú kékeré méjì á sì yọ nísàlẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé. Èèyàn méjì ló ń darí wọn, oníkálukú pẹ̀lú ohun ìdarí tirẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí ọkọ mi ń pè ní mànẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe ń pè é ní Àbíjàn. Àwọn ọ̀tá á máa já bọ̀ láti òkè, àwọn méjèèjì á sì máa yìnbọn fún wọn láti ìpele kan dé òmíràn. Bí ẹni tó ṣe é ṣe ní kí wọ́n máa ta á nìyẹn. Ẹ̀jìgbò kọ́ ló ṣe é fún.

Àwọn ọmọ wa rí ọkọ̀ méjì, kíá ni wọ́n pín in: pupa ti òkè, ewé ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìlú wa á mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Lọ́dún Ògìyán, ìlú máa ń pín sí méjì, òkè á dojú kọ ìsàlẹ̀, wọ́n á fi àtòrì na ara wọn dáadáa, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín lọ sílé. Àti Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe, kò sí ẹni tí kò mọ apá tí òun wà. Nítorí náà, ta ló ráyè ọ̀tá tó ń já bọ̀ láti ojú ọ̀run? Pupa ń yìnbọn fún ewé, ewé ń yìnbọn fún pupa, àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì ń hó gèè. Gàníyù tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ni ọ̀gá àwọn ará òkè; Súlè tó ń fi ọ̀kadà ná Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni ti ìsàlẹ̀. Àwọn ará ìlú Ara àti Isundunrin tó bá wá nájà náà á yà, wọ́n á yan apá tó bá wù wọ́n. Wọn kì í kọjá ìpele kẹta, kò sì dùn wọ́n.

Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ẹni tuntun kì í pẹ́. Á jókòó, wọ́n á ti pa á kó tó mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, á dìde, kò ní padà wá mọ́. Mo rí i pé ọkọ mi ti ń wo ọ̀nà ibùdókọ̀. Ni mo bá ń tan ẹ̀rọ náà láàárọ̀ kí àwọn oníbàárà tó dé, mò ń kọ́ ọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tó yá, bí ẹni tuntun bá ti dé, èmi ni mo máa jókòó tì í. Mo máa ń sọ fún un pé kó má tẹ ìbọn mọ́lẹ̀ ṣáá, torí ìbọn ọ̀hún máa ń gbóná, yóò sì kọ̀ fún un lásìkò tó nílò rẹ̀. Kó má máa lé gbogbo ohun dídán tó bá ń já bọ̀, ẹ̀tàn ni púpọ̀ nínú wọn. Kó fara mọ́ ìsàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n, kó wo ọ̀nà tí ọ̀tá ń gbà, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà lójoojúmọ́ bí ẹran ilé. Bí ẹ̀mí rẹ̀ bá ku ẹyọ kan, kó sá wọ igun. Akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bá ìjà lọ. Àwọn ẹni tuntun wá ń dúró, wọ́n ń mú ọ̀rẹ́ wọn bọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo wọ yàrá, mo bá Bàbá Múrí tó ń kó aṣọ rẹ̀ kúrò nínú báàgì. Mo lọ jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí nìyí. Ìjà inú tẹlifíṣọ̀n bọ́ síta. Súlè gbá Gàníyù létí nítorí mànẹ́ẹ̀tì, àwọn ará òkè àti ìsàlẹ̀ tó wà lórí bẹ́ńṣì sì dìde síra wọn. Eléyìí kì í ṣe ti ọdún Ògìyán, kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Baálé wá kìlọ̀ pé bí òun bá tún gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀, òun á ti ilẹ̀kùn náà pa. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, ṣebí ọkọ mi ni wọ́n tì síta? Lọ́jọ́ kejì, mo pe àwọn méjèèjì, mo ní, "Ta ló sọ fún yín pé ọ̀tá ni ọkọ̀ méjì yìí? Ṣé ẹ ò rí i pé ibì kan náà ni wọ́n ti jọ gbéra?"

Gàníyù ní, "Ìyá Múrí, ẹ jọ̀ọ́, bí a ò bá bá ara wa jà, kí la fẹ́ máa ṣe?"

Mo ní, "Ẹ lọ síwájú. Ẹ lọ wo ohun tó wà níbẹ̀."

Mo ti rí ohun tó wà níbẹ̀. Ní ìpele kẹrin, ọkọ̀ ńlá kan dúró bí odi, iná méjì ń tàn lára rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí o bá yìnbọn pa ọ̀kan, kó o tó dé èkejì, ti àkọ́kọ́ á ti tún tàn. Ẹnì kan ò lè kọjá rẹ̀ láéláé. Àfi kí ẹni méjì jọ yìnbọn pa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ni mo kọ́ wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ń rojú, àmọ́ kò pẹ́ tí ọwọ́ wọn fi wọ ara wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí odi yẹn fọ́, ariwo tí wọ́n pa kó àwọn tó wà lọ́jà wá. Òkè dì mọ́ ìsàlẹ̀. Baálé fúnra rẹ̀ yọjú, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba ìpele tó kù kọjá wẹ́rẹ́, wọ́n sì dé òpin: ọkọ̀ méjèèjì bà sílẹ̀, orúkọ àwọn òyìnbó tó ṣe é kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, gémù náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìíní. Súlè yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé ó ti parí nìyẹn?"

Ó ti parí nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn tó wá ò tó nǹkan. Nígbà tó yá, àwọn ewúrẹ́ ló ń sùn sábẹ́ bẹ́ńṣì. Ta ló fẹ́ jókòó ti ohun tí gbogbo ìlú ti mọ ìparí rẹ̀? Ọkọ mi wá kásẹ́ẹ̀tì mìíràn dé Òṣogbo, èyí tó rí ò wọ ẹ̀rọ Àbíjàn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ fún ọmọlúàbí. Bàbá Múrí ò tiẹ̀ sọ àbọ̀ fún mi pé òun ń padà lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó kó ẹ̀rọ náà sínú páálí, ó wò mí, ó ní, "Ìyá Múrí, o mọ̀ ọ́n kọ́ jù." Kò bínú. Ì bá tiẹ̀ bínú.

Nígbà tí Iléyá kọjá tí kò wá, tí òmíràn tún kọjá, mo bá mọ́tò lọ sí Àbíjàn. Ṣọ́ọ̀bù ni mo bá a, ní àdúgbò Àjámẹ́, ó kún fọ́fọ́. Mo wá obìnrin mìíràn kiri yàrá rẹ̀, mi ò rí. Aṣọ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn oníbàárà ń pè é ní pàtúrọ̀n, ìyẹn ọ̀gá, ó ń rìn láàárín wọn bí ọba. Gémù kan náà ni. Àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò ń yìnbọn fún àwọn ọmọ Ìníṣà, ìdíje ọ̀hún ò sì tán.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde kí mi. Ó ní, "Màmá, ẹ kú àbọ̀. Wọ́n ní àwọn kan ti parí gémù yìí nílé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe kọjá ìpele kẹrin?" Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ẹ̀gì epo lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Bí mo bá sọ ọ́, kó tó di oṣù tó ń bọ̀, ewúrẹ́ á ti máa sùn sábẹ́ bẹ́ńṣì Àjámẹ́ náà, ọkọ mi á sì wálé. Mo fẹ́ kó wálé ju ohunkóhun lọ. Àmọ́ mi ò fẹ́ kó tún wálé bí ẹni tí ọjà kú mọ́ lọ́wọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, èmi ò mọ̀. Mi ò ráyè gémù." Bàbá Múrí mí kanlẹ̀, ó sì lọ da epo sí jẹnẹrétọ̀. Mo ṣe ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, mo bá mọ́tò padà.

Ó ti pẹ́. Ẹ̀rọ gémù náà ti bàjẹ́, ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ti di ti ẹlòmíràn. Wọ́n ní páànù àti ìkòkò ni Bàbá Múrí ń tà báyìí, wọ́n sì ní ọjà náà ò yá. Síbẹ̀ kò wálé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo fi ń dá ọgbọ́n orí mi lẹ́bi, tí mò ń sọ pé èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní àkọ́jù. Nísinsìnyí tí gémù ti kú tí ọkùnrin náà ò sì dé, mi ò mọ ohun tó kù tí mo máa dá lẹ́bi mọ́. Ẹ̀yin obìnrin tí ọkọ yín wà nílé, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ sọ fún mi: kí lẹ ṣe tí tiyín fi dúró?