Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Dúró fún Àna

Ìyá Láyọ̀, ẹ má wulẹ̀ bu omi fún mi, mi ò wá mumi. Ẹ má sì sọ pé kí n jókòó kí ara mi balẹ̀, ara tí wọ́n ti dójú tì láàárín Pobè, ibo ló fẹ́ balẹ̀ sí? Ẹjọ́ àbúrò yín ni mo wá fi sùn yín. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ, ẹ̀yin náà lẹ wá tọrọ mi fún un nílé bàbá mi ní Sakété, ẹ ní ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ilé fi ojú mi rí.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un láti ìgbà tí òmìnira ti dé. Àwọn ará bíró ìjọba fún un ní kẹ̀kẹ́, wọ́n ní kó máa lọ káàkiri, kó máa rọ àwọn èèyàn kí wọ́n máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko, lọ sọ́jà, lọ síbi iṣẹ́, tọkùnrin tobìnrin, pé ìlú tó bá fẹ́ tètè dàgbà kì í wọ́ ẹsẹ̀. Ó sì mọ̀ ọ́n sọ, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Títí dé Towé ni wọ́n ti ń ra kẹ̀kẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Àwọn obìnrin nìkan ló kù tí ojú ń tì láti jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ló bá ní kí n gòkè, kí wọ́n rí ìyàwó òun, kí wọ́n lè fara wé e. Èmi náà wé gèlè tuntun, mo gòkè, mo kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bí a ti yọ sí iwájú ilé Fálúyì, ta ni mo rí láàárín àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀? Bàbá mi. Ó ti Sakété wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa, ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ tó rí àgbà, á bọ́ sílẹ̀, á kí i, á ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá kó tó tún gùn ún. Àgbà lásán nìyẹn o, ká má tíì wá sọ ti àna ẹni. Mo gbá a lẹ́yìn, mo ní bàbá mi nìyí, bọ́ sílẹ̀. Ó tẹ aago. Aago, Ìyá Láyọ̀! Ó tẹ aago fún bàbá mi, ó ní "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o," a sì kọjá. Orúnkún mi ń wá ilẹ̀ kò rí i, mo kí bàbá tó bí mi lórí ìjókòó bí ẹni ń kí ọmọ ọ̀dọ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí bàbá mi ṣe? Ó dìde. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún wa, bí wọ́n ti ń ṣe fún kòmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú láyé àwọn Faransé. Àwọn àgbà tó kù ò rẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ìbá sàn fún mi.

Kí lẹ ń wò mí bẹ́ẹ̀ sí? Pé àfojúdi ni? Rárá o. Ẹ sún mọ́ mi. Àbúrò yín ò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó mọ̀ ọ́n gùn, ó mọ̀ ọ́n yí, àmọ́ láti bọ́ sílẹ̀, àfi kó rí ògiri gbá mú, tàbí kí n sáré jáde lọ di kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni mú ewúrẹ́ tó já. Ìgbà tó ti dàgbà tán ló kọ́ ọ ní Àjàṣẹ́, bó ti lè gùn ún ló ti sá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọ. Láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀ ni mo ti ń bò ó láṣìírí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, èmi náà ti rín in rí.

Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, mi ò ní wá síhìn-ín. Mo lọ kúnlẹ̀ ní Sakété, bàbá mi ò dáhùn ìkíni mi, ó kàn ní ṣé kẹ̀kẹ́ wa ò bàjẹ́? Lẹ́yìn náà ló ní kí ọkọ mi wá dọ̀bálẹ̀, kó sọ ohun tó fà á, kó tó di ìgbéyàwó Claudine àbúrò mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí n kó ẹrù mi wálé. Ǹjẹ́ bàbá mi ò ṣàánú wa báyẹn? Ó rán Ọdẹ́wálé ará ilé wa wá jíṣẹ́ fún ọkọ mi. Ẹ gbọ́ èsì tí àbúrò yín fọ̀: ó ní kẹ̀kẹ́ ìjọba ni, pé láyé òmìnira yìí, kẹ̀kẹ́ ìjọba kì í dúró fún ẹnikẹ́ni. Kí ará ọjà má baà gbọ́ pé ẹni tó ń wàásù kẹ̀kẹ́ ò lè bọ́ sílẹ̀, ó fi ojú bàbá mi gbolẹ̀.

Irọ́ náà sì ti bímọ. Àwọn ọ̀dọ́ ní abúlé Ahoyéyé ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára bàbá wọn, wọ́n ní òmìnira ti dé. Àwọn àgbà bínú, wọ́n ní ọmọ àwọn kankan ò gbọdọ̀ ra kẹ̀kẹ́ mọ́, ẹni tó ti rà á sì ti so ó rọ̀ sí àjà. Iṣẹ́ tó torí ẹ̀ parọ́ ló ń bà jẹ́ yẹn. Nígbà tí mo dé ìdí kànga, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tú gèlè rẹ̀, ó tẹrí ba fún mi. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ ní kí n fúnra mi lọ ṣàlàyé fún bàbá mi? Mo ti rò ó, ahọ́n mi ò gbé e. Bí mo bá sọ ọ́, ìyàwó tó tú àṣírí ọkọ ni mí. Bí mi ò bá sọ ọ́, ọmọ tó gun kẹ̀kẹ́ kọjá lórí bàbá rẹ̀ ni mí. Èwo lẹ fẹ́ kí n jẹ́ nínú méjèèjì?

Ẹ gbé ìborùn yín. Ó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà ọjà báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́ ọ, ẹ dúró sójú ọ̀nà, kí ẹ ní kó bọ́ sílẹ̀ kó kí yín. Bó bá ṣubú, kó ṣubú, ìṣubú kì í pa ọkùnrin. Kí gbogbo Pobè rí i pé nítorí àti bọ́ sílẹ̀ fún àgbà ló ṣe fi àyà lélẹ̀. Wọ́n á gbé ìròyìn náà dé Sakété kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá mi á sì gbà á ní ìdọ̀bálẹ̀, mo mọ bàbá mi. Ṣùgbọ́n bó bá tún kọjá lára yín, Ìyá Láyọ̀, láti ibẹ̀ ni mo ti ń lọ sílé bàbá mi. Ẹ bá mi fi ẹrù mi ránṣẹ́.