Àbúrò Mi Tẹ Bíréèkì

"Òtítọ́ kan wà lọ́rùn mi. Bí mo bá gbé e wọ sàréè, sàréè á pọ̀ mí síta ni." Bí Àtúnṣe ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọjọ́ kẹta tí dókítà sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ti gbó kọjá ohun tí oògùn lè mú. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, torí bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí ò ní tó o. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí kì í ká mọ́ síwájú. Ọmọbìnrin àbúrò yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì léjìká, bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Àtúnṣe ní kó jókòó. Ọmọbìnrin náà ní, "Mo ń gbọ́ yín láti ibí, Dádì Ńlá." Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé kì í jókòó sí yàrá tí bàbá rẹ̀ bá jókòó sí. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá.

"Ẹ má dá sí ọ̀rọ̀ mi títí n ó fi parí," Àtúnṣe wí. "Ojo ni mí. Bí ẹ bá dá mi dúró, n ò ní lè tún bẹ̀rẹ̀."

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ omi ló fi ọgbọ̀n ọdún ṣe, òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fa omi fún ìlú. Bó bá dé láti ibi iṣẹ́, kò sí ohun tó bàjẹ́ ládùúgbò tí kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá: rédíò, ẹ̀rọ ìránṣọ, fáànù, kọ́kọ́rọ́ tó há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Àtúnṣe. Wọ́n á ní, "Ọwọ́ yín mà ní oògùn o!" Á ní kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà á máa dùn mọ́ ọn nínú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àbúrò rẹ̀ ń tọ́jú ẹran àwọn àgbẹ̀, Dókítà Ẹran ni wọ́n ń pè é. Oko tó ń lọ jìn, ọ̀nà rẹ̀ burú, ló bá lọ ra jíìpù àtijọ́ kan tí àwọn afọ́kùúta pa tì. Ohun gbogbo lára jíìpù náà ló ń dún, àfi fèrè rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fi wà lábẹ́ ọkọ̀ yìí lẹ́yìnkùlé Àtúnṣe. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tò ó padà. Wọ́n fi irin lẹ ilẹ̀ rẹ̀ tí ìpẹtà ti jẹ. Aránṣọ ni ìyàwó Dókítà Ẹran, òun ló rán ìjókòó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó máa ń dẹ́rìn-ín pani ni. Nígbà tí Àtúnṣe ní òun fẹ́ gbé ọkọ̀ náà ga sí i, kí òun fi sípíríǹgì tó gùn àti táyà ńlá sí i kí ikùn rẹ̀ má máa ha òkúta, obìnrin náà ní, "Bọ̀dá mi, bó bá máa fò, ẹ tètè wí, kí n rán ìyẹ́ sí i."

Ó gbé e ga lóòótọ́. Ọkọ̀ náà dúró bí akọ màlúù. Àwọn ará àdúgbò ń wá wò ó, Àtúnṣe sì ń fi àkísà nu ọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Àfi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, jórinjórin, tí kò yin nǹkan kan. Ó tẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, ẹ ti gbé ara ọkọ̀ ga, ẹ ò pààrọ̀ rọ́bà tó ń gbé epo bíréèkì lọ sí táyà. Wò ó bó ṣe le tantan. Bí táyà yìí bá bọ́ sí kòtò, já ló máa já. Ẹ wá èyí tó gùn."

"Mo mọ̀," Àtúnṣe wí. "Mo ti ránṣẹ́ rà á." Kò tíì ránṣẹ́ ra nǹkan kan.

Nígbà tó wá ránṣẹ́, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó sì ti ṣèlérí fún àbúrò rẹ̀ pé ọjọ́ Sátidé ló máa gbé ọkọ̀ lọ. Ó gé rọ́bà náà láàárín, ó ki ọ̀pá bàbà kékeré bọ̀ ọ́ kó lè gùn, ó fi kílíìpù dè é lọ́tùn-ún lósì. Irú èyí tí wọ́n fi ń de rọ́bà omi ni. Ó wà á yí àgbàlá ká, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró gbọin. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé, tó béèrè pé bíréèkì ńkọ́, ó ní, "Tuntun ni gbogbo rẹ̀."

"Ẹ gbọ́ mi?" Àtúnṣe wí lórí bẹ́ẹ̀dì. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. "Tuntun ni gbogbo rẹ̀. Ẹnu yìí ló sọ ọ́. N bá ti sọ pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Kí ló máa ṣe mí? Ìyìn ọjọ́ kan ni mi ò fẹ́ pàdánù."

Àbúrò rẹ̀ ti yí ojú kúrò lójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò.

Rọ́bà tó gùn náà dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta bí wọ́n ṣe wí. Àtúnṣe gbé e lé orí pákó tó ń kó irinṣẹ́ sí. Bó bá pe àbúrò rẹ̀ pé kó gbé ọkọ̀ wá, kí ni yóò sọ pé òun fẹ́ ṣe, nígbà tó ti ní tuntun ni gbogbo rẹ̀? Lójoojúmọ́ ló ń rí i níbẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé ó di ọ̀la. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni Dókítà Ẹran àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ kí ìyá obìnrin náà. Wọ́n fi ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó Àtúnṣe. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà kí wọ́n tó dé ìlú ìyá náà, ó gùn, ó sì ní kọ́nà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni kílíìpù ti tú. Ọkọ̀ ayé àtijọ́ ni. Bí epo bíréèkì bá dà níbì kan, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò ní dúró mọ́. Ọkọ̀ náà gbókìtì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹsẹ̀ Dókítà Ẹran fọ́. Ìyàwó rẹ̀ kú kí àwọn èèyàn tó dé ibẹ̀.

"Bó bá jẹ́ ibi tí ó mọ nìyẹn," Àtúnṣe wí, "àṣìṣe là bá pè é. Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ èyí tó burú."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó di pé àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò dé, ó lọ sí àgbàlá tí wọ́n wọ́ jíìpù náà lọ. Ó sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé òun wá kó ẹrù àbúrò òun. Ẹ̀ṣọ́ náà kí i kú ìyọnu, ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà, ó tú rọ́bà tó fi kílíìpù dè, ó sì so èyí tó gùn síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi òkúta lu irin tó ń gbé epo bíréèkì títí ó fi là, kó lè jọ pé ìgbà tí ọkọ̀ ń yí ló fọ́. Ẹ̀jẹ̀ aránṣọ náà ṣì wà lára ìjókòó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. "Rọ́bà tó yẹ kó gba ẹ̀mí là," Àtúnṣe wí, "òkú ọkọ̀ ni mo so ó mọ́."

Ayẹkọ̀wò wò ó, ó ní bíréèkì pé, ìgbà tí ọkọ̀ ń yí ni irin rẹ̀ là. Ó béèrè lọ́wọ́ Àtúnṣe bóyá àbúrò rẹ̀ máa ń sáré. Ó ní, "Ó fẹ́ràn eré díẹ̀."

Ọjọ́ kẹrin ló lọ sí ilé ìwòsàn. Ó bá àbúrò rẹ̀ tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́. Bí àbúrò náà ṣe rí i, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo tẹ bíréèkì. Mo tẹ̀ ẹ́, ó kàn lọ sílẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn." Àtúnṣe fi ọwọ́ kejì bo ọwọ́ tó dì í mú. Ó ní, "Àbúrò mi, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bíréèkì pé. Ìpayà ló dé bá ọ. Ẹsẹ̀ rẹ ló ṣìnà, ibi tí ọkọ̀ fi ń sáré lo tẹ̀." Dókítà Ẹran wo òkè àjà títí. Ó wá ní, "Ó dáa. Èmi ni mo pa á nìyẹn." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò wa ọkọ̀ mọ́. Ó fi iṣẹ́ oko sílẹ̀, ó jókòó sídìí tábìlì kan ní ọ́fíìsì, ó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Ìyá ìyàwó rẹ̀ kò gbà kó tẹ ilé òun mọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níléèwé, ó wá bi bàbá rẹ̀ bóyá òótọ́ ni pé eré rẹ̀ ló pa ìyá òun. Bàbá náà ní, "Òótọ́ ni."

"Kì í ṣe òótọ́," Àtúnṣe wí. "Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ò tiẹ̀ pé ogún. Àbúrò mi tẹ bíréèkì."

Dókítà Ẹran sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé. "Mo tẹ̀ ẹ́?"

"O tẹ̀ ẹ́."

"Bíréèkì ni ẹsẹ̀ mi wà?"

"Bíréèkì ni."

Ó bo ojú, ó ń sunkún. Ọmọbìnrin náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò mọ ìgbà tó jókòó. Bàbá rẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Àtúnṣe ló wò. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Ẹ ń sáré lẹ́yìn mi, ẹ ní n má bẹ̀rù, ẹ dì mí mú." Ó fa ara rẹ̀ lọ sẹ́bàá àga bàbá rẹ̀, ó gbé orí lé e lórúnkún. Ó ń wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, Dádì." Bàbá náà kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

Àtúnṣe ní kí wọ́n dárí ji òun. Àbúrò rẹ̀ nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ti pọ̀ jù nínú ẹbí yìí, n ò ní fi kún un. Mi ò tíì lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó mi ṣì wà láyé. Ẹ ó lọ sọ fún un fúnra yín."

Wọ́n gbé e lọ ní ọjọ́ kejì. Ìyá arúgbó náà jókòó sí ìta ilé rẹ̀. Àtúnṣe kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èémí rẹ̀ ń já. Ìyá náà gbọ́ ọ tán. Ó yíjú sí Dókítà Ẹran tó dúró lójú títì, tí kò gbójúgbóyà wọlé. Ó ní, "Ọmọ mi, kí lò ń ṣe nínú oòrùn? Wọlé." Lẹ́yìn náà ló wá wo ẹni tó kúnlẹ̀. "Ìwọ náà, dìde. Mi ò dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí o kú sẹ́nu ilẹ̀kùn mi kí wọ́n tún wá ní èmi ni mo pa ọ́."

Ọjọ́ mọ́kàndínlógójì ló lò lẹ́yìn èyí. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kí i, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ó ń sọ ọ́ fún wọn, kò fi ohunkóhun pamọ́. Á ní, "Ohun tí ẹ kò bá lè ṣe, ẹ sọ pé ẹ kò lè ṣe é. Ìtìjú ọjọ́ kan kì í pa èèyàn. Èyí tí mo sá fún, ẹ wo ohun tó jẹ."

Àbúrò rẹ̀ ń wá lójoojúmọ́. Ó ń bá a gbé ìrọ̀rí sókè, ó ń bá a nu ojú, kì í sábà sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, Àtúnṣe ṣí ojú, ó bi í léèrè, "Ṣé o ti lè dárí jì mí?"

Dókítà Ẹran ronú. Kò fẹ́ purọ́. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó ní, "Ó kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má tíì lọ."