Ímeèlì Tó Lọ Tí Kò Dé

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo pe abọ́ ata rodo ní ọjà Takie. Ìyá onílé-ìwé kan ń ná an ní ẹgbẹ̀ta nígbà tó rí ọkùnrin tó ń bá a tún kọ̀ǹpútà ṣe.

“Ímeèlì ìdánwò ìwọlé tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí dà? Ọmọ méjì péré ló wá!”

“Ó lọ, mà. Kò kàn dé ni.”

“Ọkọ̀ tó kúrò ní Takie tí kò dé Ọ̀yọ́, ìyẹn náà lọ?”

“Àwọn ilé-iṣẹ́ ímeèlì níta ò tíì mọ sáfà tiwa, ẹ̀rọ tó ń fi í ránṣẹ́, mà. Wọ́n kó o mọ́ ti àwọn oníjìbìtì.”

“Èmi, ìyá ìjọ! O ò dán an wò ni?”

“Mo fi ránṣẹ́ sí ara mi lórí sáfà wa kan náà. Ó dé.”

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ wọ ilé-ìwé mi ni?”

“Mọ́mì, mo ní ká san ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún àwọn tó ń báni fi í ránṣẹ́. Ẹ ná an títí, ẹ ò san.”

Ìyá wo ata mi, kò ná an mọ́. Ẹgbẹ̀rún kan náírà géérégé ló kà fún mi.