Àpò Inú Bùbá Màámi

Ọ̀rọ̀ tí Doyin gbé mì, tí kò dà nínú rẹ̀, ti di ohun tó gbọ́dọ̀ jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ níwájú gbogbo ìjọ, lójú ọkọ rẹ̀, nítorí náà ẹ má wò mí bí ẹni tó ń tú àṣírí aláṣìírí. Òun ló ní kí n máa sọ ọ́ lọ, kí n má sì gbe òun lẹ́yìn rárá. Mi ò ní gbè é lẹ́yìn.

Mariners Harbor ní Staten Island ni Doyin àti Olúsànmí ọkọ rẹ̀ ń gbé, àwọn àti Káyọ̀ ọmọbìnrin wọn. Mushin ni wọ́n bí Doyin sí, láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀. Bí ibì kan bá dákẹ́ jù, ara kì í rọ̀ ọ́. Láràárọ̀, á wọ bọ́ọ̀sì, á wọ fẹ́rì, á wọ subway, títí á fi dé Manhattan níbi tó ti ń gé aṣọ fún àwọn òṣèré tíátà. Kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ o. Bí ọba bá máa jó lórí ìtàgé, tí aṣọ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ya mọ́ ọn lára, ọwọ́ Doyin ni aṣọ náà ti ń jáde. Susan, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn níbẹ̀, ti ń múra àtifẹ̀yìn tì, ó sì ti fọ̀rọ̀ sí i létí pé òun kò rí ẹlòmíràn tó lè jókòó sí àyè òun. Láti ìgbà tí Doyin ti ń kọ́ṣẹ́ rírán ní Mushin ló ti ń wá irú àyè bẹ́ẹ̀.

Olúsànmí ní tirẹ̀, ọmọ oko ni. Abúlé kan lẹ́bàá Ìgbàrà-Òkè ló dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá tó ń sin ewúrẹ́. Iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ló ń ṣe ní Port Richmond, ó sì ń ṣe é tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ìlú New York kò bá a lára mu. Ó gbin ata sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé, á sì máa súfèé fún un bí ẹni pé ata létí. Níbi iṣẹ́ yìí ló ti pàdé bàbá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Nathan, tó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí Olúsànmí ń tọ́jú. Nathan ní oko ewúrẹ́ ní òkè lọ́hùn-ún, ní upstate, ìgbèríko ìpínlẹ̀ New York, níbi tó ti ń fi wàrà wọn ṣe wàràkàṣì. Àgbà ti dé sí i, ó ń wá ẹni tó máa bá òun mójú tó agbo náà, ilé sì wà níbẹ̀ fún onítọ̀hún àti ìdílé rẹ̀.

Wọ́n lọ wo oko náà. Olúsànmí wọ àárín agbo, ó súfèé sí wọn bí màámi rẹ̀ ti máa ń ṣe, ni àwọn ewúrẹ́ òyìnbó bá yíjú sí i, wọ́n ń tẹ̀ lé e kiri! Nathan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Doyin wo ojú ọkọ rẹ̀, ó rí ayọ̀ tí kò rí níbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, àyà rẹ̀ sì já.

Bí wọ́n ti ń bọ̀ nínú mọ́tò, Olúsànmí ní, "Doyin, be honest with me. Bí o kò bá fẹ́, sọ ọ́. Mi ò ní bínú."

Ibi tí ó yẹ kó ti sọ ọ́ nìyẹn. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó rere ni Doyin ń pe ara rẹ̀, ìyàwó rere kì í sì í sọ pé òun kò fẹ́ ohun tí ọkọ òun fẹ́. Ó ní, "Bàbá Káyọ̀, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí i." Ẹ̀yin náà mọ gbólóhùn yẹn. Bí a kò bá fẹ́ lọ sí òde, bí a kò bá fẹ́ yá ènìyàn ní nǹkan, àdúrà la máa ń ní ká gbà sí i. Àmọ́ Olúsànmí kò mọ̀ pé ọgbọ́n ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbààwẹ̀, ó sì ń retí àmì.

Kí n tó sọ irú àmì tó rí gbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Màámi, ìyá Olúsànmí. Nígbà tí àìsàn wọn le, ìwé ìgbélùú ọmọ wọn kò tíì jáde. Bó bá jáde ní Amẹ́ríkà, kò ní lè wọlé padà. Wọ́n pe Doyin lórí fóònù lọ́jọ́ kan tí Olúsànmí wà níbi iṣẹ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ìwọ ni mo fẹ́ kó rán aṣọ tí màá wọ̀ lọ sílé. Léèsì funfun ni kó jẹ́. Ṣe àpò kékeré kan sínú bùbá náà fún mi, lápá òsì." Wọ́n sọ ohun tí àwọn fẹ́ kó fi ṣe àpò náà, a máa débẹ̀. Wọ́n ní kí Doyin má tíì sọ fún ọkọ rẹ̀, kó má baà rò pé àwọn ti ń múra ikú, ṣùgbọ́n bí àwọn bá lọ tán, kó jókòó tì í, kó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Doyin rán an, ó fi rán ẹni tó ń lọ sílé, Màámi sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Nígbà tí wọ́n kú, Olúsànmí sunkún bí ọmọdé. Kò lè lọ sin wọ́n, kò sì jẹ́ wo fọ́tò ìsìnkú náà. Doyin ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé òun á sọ̀rọ̀ náà fún un bí ọkàn rẹ̀ bá fúyẹ́ díẹ̀. Kò sọ ọ́.

Ó wá di àárọ̀ Sátidé kan. Susan ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn fún un ní àná rẹ̀: bó bá fẹ́ àyè náà, kó sọ. Olúsànmí ń dín dòdò ní kíṣìnnì, ó ń súfèé. Doyin jáde láti yàrá, ó ní, "Bàbá Káyọ̀, mo lá àlá kan. Mo rí Màámi."

Ṣíbí ìdíndòdò dúró lọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n dúró lẹ́nu géètì oko Nathan. Inú wọn kò dùn. Wọ́n ní, 'Ẹ má mú ọmọ mi wá síbí.'"

Ká ní ó dúró níbẹ̀ ni, bóyá irọ́ náà ì bá kú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Olúsànmí béèrè ohun tí gbogbo wa máa ń béèrè bí a bá gbọ́ pé òkú yọ sí ènìyàn lójú àlá. Ó ní, "Kí ni wọ́n wọ̀?" Doyin, aránṣọ, mọ aṣọ ju ohunkóhun lọ. Ẹnu rẹ̀ sáré ju ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ lọ. Ó ní, "Léèsì funfun. Wọ́n ti ọwọ́ bọ inú bùbá, mo sì rí àpò kan níbẹ̀ lápá òsì. Àpò búlúù."

Olúsànmí pe Folúkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé lójú ẹsẹ̀, ó jẹ́ kí Doyin náà máa gbọ́. Folúkẹ́ pariwo. "Jésù! Sànmí, ta ló sọ fún un? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wọ bùbá yẹn fún màámi. Àpò búlúù wà nínú rẹ̀ lóòótọ́! Inú àpótí wọn la ti rí aṣọ náà, títí dòní a ò mọ ẹni tó rán an." Doyin, ẹni tó rán an, kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ kíṣìnnì, òun náà sì pariwo "Jésù!" pẹ̀lú wọn. Nínú gbogbo ohun tó ṣe, òun fúnra rẹ̀ ní ariwo yẹn ló burú jù.

Olúsànmí pe Nathan, ó bẹ̀ ẹ́ pé òun kò ní lè wá. Doyin gba àyè Susan. Ayé dùn, àbí? Kò dùn o. Súfèé tán nílé. Ata ojú fèrèsé gbẹ, Olúsànmí kò bomi rin ín mọ́. Àmọ́ ohun tí Doyin kò rò tẹ́lẹ̀ ló wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ọkọ rẹ̀ ń tètè sùn, ó ń dúró de ìyá rẹ̀ lójú àlá. Doyin gbọ́ ọ tó ń gbàdúrà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé, "Màámi, ẹ dárí jì mí. Ẹ wá sọ́dọ̀ èmi náà." Gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ ọ, á ní òun á sọ òtítọ́ lọ́la.

Ọjọ́ ìrántí Màámi pé, wọ́n sì ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Olúsànmí bọ́ síwájú láti jẹ́rìí. Ó sọ bí Ọlọ́run ti fi àlá kìlọ̀ fún ìdílé òun, ìjọ ń kígbe Halelúyà. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. "Mo mọ̀ pé Màámi ń bínú sí mi torí mi ò wá sin wọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi yọ sí èmi. Síbẹ̀ wọn ò gbàgbé mi. Ìyá Káyọ̀, come and tell them."

Wọ́n gbé máìkì lé Doyin lọ́wọ́. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ń wò ó bí ọmọ tí ebi ń pa. Bó bá tún irọ́ náà pa níbẹ̀ yẹn, ó mọ̀ pé títí ikú rẹ̀ ni Olúsànmí á máa ru ìbínú ìyá tí kò bínú.

Ó ní, "Irọ́ ni. Mi ò lá àlá kankan. Mi ò rí Màámi. Èmi ni mo rán bùbá tí wọ́n fi sin wọ́n, àwọn ni wọ́n ní kí n rán an. Ìdí tí mo fi mọ àpò náà nìyẹn. Mi ò fẹ́ lọ sí oko, ẹ̀rù sì bà mí láti sọ pé mi ò fẹ́. Ọkọ mi ní kí n sọ ọ́, ó ní òun ò ní bínú. Mo lọ yá ẹnu ìyá rẹ̀ tó ti kú, mo fi dá a dúró. Ìkà ni mí. Ẹ̀yin ará, ẹ má pe Halelúyà sí i mọ́. Bàbá Káyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Pásítọ̀ Adékúnlé tó ń darí ìsìn kò mọ orin tó yẹ kó dá. Olúsànmí rìn kọjá lára ìyàwó rẹ̀, ó sì jáde.

Inú mọ́tò ni Doyin ti bá a. Ó jókòó tì í, kò fọwọ́ kàn án. Olúsànmí ní, "Àpò yẹn. Kí ni wọ́n fẹ́ ẹ fún?"

"Ẹ rántí ṣẹ́ẹ̀tì búlúù yín tí ẹ wá títí, tí ẹ ní àwọn laundry ló sọ ọ́ nù? Ara rẹ̀ ni Màámi ní kí n ti gé e. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi kò ní lè wá sin mí, kì í sì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Jẹ́ kí ohun tó ti kan ara rẹ̀ wà lápá ọkàn mi.' Wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún yín bí àwọn bá lọ tán. Mi ò jíṣẹ́."

Olúsànmí gbé orí lé sítíárìn mọ́tò, ó sunkún títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. "Wọn ò bínú sí mi?"

"Wọn ò bínú sí yín rí."

"Ìwọ ni mo wá ń bínú sí báyìí."

"Mo mọ̀."

Ó nu ojú. "Ó dáa. Sọ ọ́ fún mi nísinsìnyí. Ṣé o fẹ́ lọ sí oko?"

"Rárá," ni Doyin wí. "Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo sì fẹ́ gbọ́ súfèé yín."

Olúsànmí ṣíná sí mọ́tò. Ó ní, "Gbólóhùn kékeré báyìí ló há ọ lọ́fun látọjọ́ yìí?"

Kò dárí jì í lọ́jọ́ yẹn. Pálọ̀ ló ń sùn fún ìgbà díẹ̀, kì í sì í sọ ju ohun tó yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ó pe Nathan. Bàbá náà ti rí ẹlòmíràn gbà, àmọ́ àwọn ewúrẹ́ ti ń bímọ, ọwọ́ kò sì tó. Báyìí ni Olúsànmí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí lo apá kan ọ̀sẹ̀ ní oko, á sì lo ìyókù ní Staten Island. Bí eré bá gba Doyin láyè, òun àti Káyọ̀ á wọ rélùwéè lọ bá a. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ ṣì ń dẹ́rù bà á. Ewúrẹ́ kan tilẹ̀ ti jẹ etí aṣọ ayaba kan tó gbé lọ rán níbẹ̀, Doyin sì tún un gé láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló rọrùn fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Bí Pásítọ̀ bá ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ó máa ń pe Doyin. Ohun tó máa ń sọ fún wọn kò gùn: "Bí o kò bá fẹ́, fi ẹnu ara rẹ sọ pé o kò fẹ́. Má fi Ọlọ́run bojú, má fi òkú bojú. Ẹni tó bá fẹ́ ọ á gbọ́ ọ."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Olúsànmí pè é láti oko. Ó ní, "Doyin, mo lá àlá Màámi."

Doyin ju sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fún wàrà ewúrẹ́."

Ó ti wà lẹ́nu Doyin kó tó mọ̀: "Kí ni wọ́n wọ̀?"

"Mi ò wo aṣọ," ni Olúsànmí wí. "Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, ojú wọn ni mò ń wò." Lẹ́yìn náà ni Doyin gbọ́ ọ nínú fóònù, tó ń súfèé pe àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ wọlé.