Iṣẹ́ Sàdíátù tí Mo Tì Pa

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀, kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ Adéjọkẹ́, télọ̀ tó múlé gbè mí, ṣe máa ń dún láti ẹ̀yìn ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ládùúgbò Hanoukopé nílé. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nílùú òtútù yìí, ìró náà kò kúrò létí mi. Ara mi kò le mọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò sì gbọdọ̀ bá mi wọlẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe nígbà náà. Kí Sàdíátù tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ti kọ ètò orí kọ̀ǹpútà kan: téèyàn bá fi ìwọ̀n oníbàárà sí i, á ya bí wọn yóò ṣe gé aṣọ náà. Ó kó o wá lórí fláàṣì kan ṣoṣo tó ní. Ó fẹ́ fún gbogbo télọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tún un ṣe.

Mo ní, “Ọmọ yìí, ta ní í gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ sójú títì?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọbẹ̀ tí kì í tán ni, Patron.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀gá lọ́dọ̀ wa.

Ojúkòkòrò mú mi. N kò dá fláàṣì náà padà. Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, mo fi tèmi sí i, mo ti ètò náà pa, mo ń tà á. Adéjọkẹ́ náà rà á. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi nìkan ló ń fún un láṣẹ láti ṣí, láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ ẹni tó bá rà á.

Ìyẹn ṣì kéré. Lọ́jọ́ libération rẹ̀, tó yẹ kí n ṣàdúrà kí n sì dá a sílẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀, ó rọra ní, “Patron, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ mi nìkan.” Èmi àgbàyà dìde: “Ohun tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe, ti ọ̀gá ni. Olè ni ọmọ yìí!” Ìyá rẹ̀ bojú. N kò dá a sílẹ̀. Wọ́n ní búrẹ́dì ló ń tà ládùúgbò Kégué báyìí.

Lóṣù tó kọjá, Adéjọkẹ́ pè mí. “Bàbá, ètò yín ò ṣí mọ́ o! Iṣẹ́ gbogbo oníbàárà mi há síbẹ̀. Ça va aller, yóò dára, àbí?” Kọ̀ǹpútà mi tó ń fún un láṣẹ ti kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ètò tí ẹnì kan ṣoṣo mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá lọ, ó tán. Èyí tó wà ní gbangba, ọmọ ọlọ́mọ á tún un ṣe.

Mo wá fláàṣì náà jáde nínú ẹrù mi. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ rèé:

“Sàdíátù, Patron rẹ àtijọ́ ni. Kóòdù rẹ rèé, pẹ̀lú orúkọ rẹ bí o ṣe kọ ọ́. Mo ti sọ fún Adéjọkẹ́ pé èmi ni olè. Ó ń retí rẹ kí o wá tún ètò náà ṣe. Mo dá ọ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ jù, mo mọ̀. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.”