Ọjọ́ Tí A Kó Ẹrù Bùọ̀dá Mi Síta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i, ọ̀rọ̀ yìí ti ju agbára mi lọ. Ikọ́ ti fi ìyá mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ wa mọ́. Ẹnu mi ló fà á!

Ọjọ́ pẹ́ tí Bùọ̀dá mi ti lọ ṣòwò ní Kùmásí. Wọ́n ti yàrá wọn pa ní abúlé wa lẹ́yìn Lálúpọn, kò sì sẹ́ni tó ń ṣí i. A kò mọ̀ pé páànù ti lu. Òjò ń wọlé, ògiri ń bu, títí ohun dúdú tó ń hù lára rẹ̀ fi là á kọjá sí yàrá Ìyá. Ni Ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ bí ẹni tí àyà rẹ̀ fẹ́ ya. Wolé-wolé tó wá wò ó ní, "Ẹ kó gbogbo ẹrù síta kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ògiri yìí. Ẹ fi aṣọ tútù dí ẹnu ọ̀nà Ìyá, kí eruku má baà bá wọn."

Ṣé mo tiẹ̀ ronú pé kí n kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Bùọ̀dá? Rárá o! Èmi àti ọkọ mi fi aṣọ di imú, a ṣí fèrèsé, a kó bẹ́ẹ̀dì, àpótí àti aṣọ òkè wọn sí àgbàlá. Ọkọ mi dé ọ̀kan nínú fìlà wọn kí eruku má baà kún irun. Ibẹ̀ la wà tí Bùọ̀dá yọ lójú ọ̀nà, tàwọn tàpò léjìká. Wọ́n wo ẹrù, wọ́n wo fìlà.

"Ṣé ẹ ti ń pín ogún mi ni? Ta ló sọ fún yín pé mo kú?"

Ká ní mo kúnlẹ̀ ni! Ká ní mo fà wọ́n lọ́wọ́ lọ wo ògiri! Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, inú sì ń bí mi pé èmi nìkan ni mo ń tọ́jú Ìyá.

"Kí lẹ fi yàtọ̀ sí òkú?" ni mo wí. "Ìyá ń wúkọ́, ẹ ò mọ̀!"

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bùọ̀dá dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, wọ́n yí padà. Ìyá tẹ̀lé wọn dé ojú títì, wọ́n ń fi oríkì pe ọmọ wọn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti gbé Bùọ̀dá lọ.

A ha ògiri náà, a fọ̀ ọ́, a fi ẹfun kùn ún. Ikọ́ Ìyá lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ mọ́. A bẹ ará ìlú wa kan tó ń lọ Kùmásí pé kó bá wa tọrọ àforíjì. Èsì tó mú bọ̀ ni pé òkú kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ní báyìí, Ìyá ní kí n lọ fúnra mi. Mo fẹ́ lọ, ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí Bùọ̀dá bá tilẹ̀kùn mọ́ mi, kí ni n óò bọ̀ wá sọ fún Ìyá? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o.