Sólà Mi Ń Kú Lọ́sàn-án Gangan

Má rẹ́rìn-ín sí mi, àbúrò mi, ẹ̀rín kọ́ ló gbé mi wá sí ọ́fíìsì rẹ. Ó ti rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí dé egungun! Oòrùn ràn lánàá débi pé ajá ń yọ ahọ́n, ìgbà yẹn gan-an ni sólà mi kú. Wọ́n máa ń gbọ́ irú ẹ̀? Kí èèyàn dúró létí odò, kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́!

Àbí èmi ni mo ní mo fẹ́ sólà? Ìwọ ọmọ ìyá mi, ìwọ ọ̀gá àwọn tó ń tún iná ṣe, ìwọ lo jókòó ní pálọ̀ mi tí o ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ra bátìrì o, wáyà àdúgbò ni bátìrì gbogbo wa, èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ tì í sínú wáyà, tílẹ̀ bá ṣú, ẹ gbà á padà.” Mo gbà ọ́ gbọ́. Gbogbo àdúgbò gbà ọ́ gbọ́! Ní báyìí, tó bá ti di ọ̀sán, gbogbo wọn á máa tì í, wáyà á kún dẹ́nu, èmi tí ilé mi wà ní ìpẹ̀kun wáyà, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ẹ̀ ń wá pàdé sí. Ìnfátà mi á ní iná ti pọ̀ jù, á pa gbogbo ilé, ẹ̀rọ tí mo fi ń pa ẹyin á dákẹ́. Ẹyin ń tutù! Ọmọ ti wà nínú wọn o, tí mo bá gbé wọn síwájú gílóòbù, mo ń rí wọn tí wọ́n ń mira.

Kí lo sọ? Pé ìnfátà mi ni kò dáa? Háà! Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Nígbà tí iná ń ṣe bàìbàì lálaalẹ́, ta ló wá yí taransifọ́mà sókè kí iná lè lágbára sí i? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin? Sólà kankan ò tíì sí lórí òrùlé nígbà yẹn. Sólà dé, ẹ ò rántí yí i sílẹ̀.

Mo ní kẹ́ ẹ yí i sílẹ̀ díẹ̀, o ń wojú. Ojú ta? Ojú bàbá oníbúrẹ́dì, bàbá ìyàwó rẹ, pé ẹ̀rọ tó fi ń po ìyẹ̀fun á máa falẹ̀ lálẹ́. Kó falẹ̀! Búrẹ́dì á pẹ́ ni, kò ní kú. Èmi náà á gba iná bàìbàì lálẹ́, ṣé mo ní n ò gbà?

O tún ní kí n ní sùúrù, pé ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ yín ń bọ̀ wá jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Olúwa mi o! Sùúrù wo ló kù lára mi?

Ó dáa, n ò jà mọ́, kò sí agbára. Wo apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹyin náà ló wà níbẹ̀, aṣọ òtútù mi ni mo fi wé wọn. Títí ìgbìmọ̀ yín á fi jókòó, ìwọ ni kó o jókòó lé wọn. Kó ìwé kúrò lórí àga yẹn, ọ̀gá oníná. Sàba!